Wọ́n Gba Ọmọ Wọlé, Ṣé Wọ́n Ń Kọ́ Ọ? Ohun Tó Kù fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Ilé-ìwé Ìjọba

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Ó ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ rọrùn fún wọn láti lò, kí bíréèlì àti èdè ọwọ́ àwọn adití sì wà lára ohun tí à ń kọ́ ọmọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní ti àwọn ilé tí ará ìlú ń lò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fún àwọn tó ni wọ́n ní ọdún márùn-ún láti tún wọn ṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ wọ́n. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹ yà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ ka iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín géètì àti kíláàsì, kí ẹ sì béèrè bóyá olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó lè ka bíréèlì.

Èkó tilẹ̀ ti ṣáájú ìjọba àpapọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá níbẹ̀, òun ló sì bí àjọ tí à ń pè ní LASODA. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ UN lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Òfin kọ́ ló wọ́n wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ tó kọ́ irú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà fún un, ohun èlò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa tún ohun èlò náà ṣe. Okùn ni gbogbo rẹ̀. Ibi tó bá ti já, ọmọ náà kàn ń lọ jókòó ni.

Bí a ṣe dé ibí

Àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà dání. Ní 1960, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, tó ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra ní 1957, bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé àwọn adití wa fi jọ ti Amẹ́ríkà títí dòní, tí kò jọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa. Ní 1962 àwọn Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Nígbà tó di 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde, ó ya abala kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ọdún yẹn náà ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní FCE Special ní Ọ̀yọ́ lónìí. Láti ibẹ̀ àti láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti jáde.

Láti ìgbà ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Salamanca ní Spain ní 1994 ni èrò ti yí padà: kí ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, dípò kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà tó jìnnà. A fara mọ́ èrò náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó fún gbogbo ọmọ bákan náà ń pa àwọn kan lára. Ọmọ tí kò ríran, bó bá ti mọ bíréèlì kà, tó sì mọ ọ̀pá funfun lò, lè jókòó láàárín àwọn tó ríran kó sì gba ipò kìn-ín-ní, torí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ọmọ adití kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dá nìkan wà láàárín ọgọ́ta ọmọ tó ń gbọ́ràn, kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi lu agogo ìjádé. Ọmọ kì í sì í kọ́ èdè láìsí àwọn tí yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù fún wọn ni kí ìjọba ìbílẹ̀ yan ilé-ìwé kan tàbí méjì, kó kó àwọn adití jọ síbẹ̀ ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú kíláàsì, kí àgbàlagbà adití kan ó kéré tán wà lára òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì jọ wà nínú ọgbà kan pẹ̀lú àwọn tó ń gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é ní Methodist Grammar School ní Bódìjà àti ní Ìjòkodò High School ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn níbẹ̀ náà ń kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn, láìsí pé olùkọ́ kan kọ́ wọn.

Ọmọ tí a kò kà

Ètò ìkànìyàn 2006 sọ pé àkàndá ẹ̀dá tó wà ní Nàìjíríà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 3.25 nínú mílíọ̀nù 140, ìyẹn ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní tirẹ̀ sọ ní 2022 pé ó tó ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn láyé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe torí pé ara tiwa le ju ti àwọn ẹlòmíì lọ. Ọ̀nà tí a gbà béèrè ló fà á. Bí ẹni tó ń ka ènìyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní, “Ṣé ẹ ní abirùn nínú ilé yìí?”, ìyá wo ni yóò fẹ́ fi orúkọ yẹn pe ọmọ rẹ̀ lójú àlejò? Olùkọ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù ọdọọdún náà máa ń fi òdo sí i, torí arọ àti afọ́jú nìkan ló ń wá.

Ìbéèrè tó ń mú ìdáhùn jáde kì í dárúkọ àrùn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Washington Group ló ṣètò mẹ́fà tí ilé-ìwé èyíkéyìí lè lò. Ṣé ó máa ń ṣòro fún ọmọ yìí láti ríran, kódà pẹ̀lú awò ojú? Ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti gbọ́ràn? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí pọkàn pọ̀? Láti wẹ̀ tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀? Láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí ẹlòmíì sì yé e? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò ṣòro, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, kò lè ṣe é rárá. Ọmọ tó bá bọ́ sí méjì ìkẹyìn nínú èyíkéyìí ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fún àwọn ọmọdé gan-an, Washington Group àti UNICEF tún ṣe èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2016, tó béèrè nípa ìwà, àníyàn àti bíbá ẹgbẹ́ ṣeré. Òun ló máa ń fi àwọn ọmọ tó ní ọ́tíìsìmù hàn, ìyẹn àwọn tó máa ń ṣòro fún láti bá ẹlòmíì ṣe pọ̀, èyí tí mẹ́fà àkọ́kọ́ lè máà rí.

Àyẹ̀wò ojú rọrùn. Àtẹ lẹ́tà E tó ń kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ìwọ̀n mítà mẹ́fà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀, àti olùkọ́ kan tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ kan, ó ti tó. Ọmọ yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, yóò máa nawọ́ sí ibi tí lẹ́tà kọjú sí. Bí ojú kan bá kùnà ní ìlà 6/12, ìyẹn ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà méjìlá, ó ní láti sún dé mítà mẹ́fà kó tó rí i, kí wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Púpọ̀ nínú wọn, awò ni wọn yóò fún un, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ ò rí i pé ó dunni kí ọmọ máa tún kíláàsì ka lẹ́ẹ̀mejì torí awò ojú!

Ti etí ló nira. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú etí, torí ìdọ̀tí tó dí i àti etí tó ń ṣọyún ni ohun tó wọ́pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹ̀rọ wọn ohùn 1000, 2000 àti 4000 Hz (bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó) ní ìwọ̀n 25 dB (bí ó ṣe lágbára tó), etí kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tó sábà ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ ni ariwo: jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ògiri, ọkọ̀ lójú títì, ọmọ igba ní àsìkò ìsinmi. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá yóò kùnà, ọ́fíìsì yóò kún fún orúkọ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, òbí yóò ná owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù lásán, bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá sì dé wọn ò ní lọ mọ́. Kí nọ́ọ̀sì ilé ìlera àdúgbò ṣe é láàárọ̀ kùtùkùtù, ní yàrá tó jìnnà sí títì, kó sì tún ṣe é fún àwọn tó kùnà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó kọ ìwé kankan.

Ọmọ tó ń gbọ́ àbọ̀

Èyí ni kò yé ọ̀pọ̀ olùkọ́, òun ló sì ń ba ayé ọmọ jẹ́ jù. Etí tí meningitis bàjẹ́, tàbí ibà pọ́njú (jaundice) tó wọ ọmọ lára láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, tàbí abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n fún un ju bó ṣe yẹ lọ, sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù ohùn tó tín-ín-rín. Nínú Yorùbá, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú agbára fáwẹ̀lì, wà ní apá tó ki. Ìró bíi s, ṣ àti f wà ní apá tó tín-ín-rín. Nítorí náà ọmọ yìí ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, yóò yíjú, wọ́n á ní etí rẹ̀ dá. Bí olùkọ́ bá ní kó ṣọ́ nǹkan, ó lè gbọ́ pé kó fọ́ ọ. Wọ́n á nà án, wọ́n á pè é ní olóríkunkun tàbí ọ̀dẹ̀, nígbà míì wọ́n á tilẹ̀ gbé e lọ sí kíláàsì àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yẹ etí rẹ̀ wò mọ́.

Àwọn kan gbà pé kó máa wo ẹnu olùkọ́. Ẹnu ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ nínú Yorùbá ìrànlọ́wọ́ náà kéré. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú ẹni tó ń wo ètè, torí àmì ohùn kì í hàn lẹ́nu. K àti g pẹ̀lú, ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọmọ tó ń gbọ́ àbọ̀ nílò ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àti èdè ọwọ́ pa pọ̀. Kí a má sọ pé kó yan ọ̀kan.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pín bí ìrẹsì níbi ayẹyẹ. A gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbájáde àyẹ̀wò etí ọmọ náà gan-an. Mọ́ọ̀dù tó wọ ihò etí gbọ́dọ̀ bá etí rẹ̀ mu, bó bá tú, ẹ̀rọ á máa súfèé, ọmọ á sì bọ́ ọ sílẹ̀. Etí ọmọdé ń dàgbà, nítorí náà mọ́ọ̀dù nílò pípààrọ̀ ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní 13 máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí a bá ti ya bébà tó bò ó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán nìyẹn, ì báà jẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́ kíákíá, ọ̀rinrin àsìkò òjò sì ń ba ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Lálẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bátìrì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Ilé-ìwé tó ní ọmọ mẹ́wàá tó ń lo ẹ̀rọ méjì méjì nílò nǹkan bí bátìrì 130 sí 260 fún táàmù ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Bí kò bá sí ìlà fún bátìrì nínú ìnáwó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ayẹyẹ gbà yóò dákẹ́ kí oṣù tó parí.

Nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ jókòó ní ìdajì òbìrí kí wọ́n lè máa rí ọwọ́ ara wọn. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ojú olùkọ́, kó má bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí olùkọ́ má sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí pátákó. Bí òjò bá ń lu páànù, kò sí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ á sì tún máa gbé ariwo náà ga sí i. Ibi tí owó bá wà, sílíìn lábẹ́ páànù wúlò ju ẹ̀rọ púpọ̀ lọ.

Bíréèlì, àti ọmọ tó ríran díẹ̀

Ojú àmì mẹ́fà ni bíréèlì, mẹ́ta ní òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún. Síléètì àti irin ṣóńṣó kékeré ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn bébà ló ti ń gún un, nítorí náà láti ọ̀tún sí òsì ló ń kọ, ṣùgbọ́n láti òsì sí ọ̀tún ló ń kà. Ó lè tó ọdún kan gbáko kí ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá, ìdí sì nìyí tí a fi ní kí ọmọ gba ìpìlẹ̀ bíréèlì lọ́wọ́ olùkọ́ àkànṣe kó tó wọ kíláàsì gbogbogbòò. Ẹ̀rọ Perkins ní bọ́tìnì mẹ́fà fún ojú mẹ́fà, ó yá ju síléètì lọ, ó sì wúwo tó kílò mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Eruku àti ìṣubú ló ń bà á jẹ́. Bébà rẹ̀ nípọn ju ti ìwé àjákọ lọ, torí èyí tó fẹ́lẹ́ á ya, ojú àmì rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìgbà tí ìka bá ti kọjá lé e ní ẹ̀ẹ̀melòó kan.

Ojú ìwé kan tí a tẹ̀ lọ́nà lásán máa ń di méjì sí mẹ́ta ní bíréèlì. Ìwé ìtàn olójú ewé ọgọ́rùn-ún lè di ìdìpọ̀ tó kún àpò. Èyí túmọ̀ sí pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìwé táàmù tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíréèlì ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú. Níbi tí wọ́n ti ń yan ìwé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, ọmọ tí kò ríran á máa gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà títí ìdánwò á fi dé. Ìṣirò ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí àwòrán àti gíráàfù kò ní ohùn. Okùn tí a lẹ̀ mọ́ páálí, èso ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìlà, abákọ̀ọ̀sì onílẹ̀kẹ̀: olùkọ́ tó bá ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ìmúrasílẹ̀ lè ṣe wọn fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ àfín wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Ojú wọn kò gbé ọ̀nà jíjìn, oòrùn sì ń dà á láàmú. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn lè ka ìwé tí a tẹ̀ gàdàgbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn lọ sí ilé-ìwé afọ́jú. Ìjókòó iwájú tí kò kọjú sí fèrèsé, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n 18 sókè, àyè láti dìde lọ wo pátákó nítòsí, fìlà etí fífẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn nígbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ òwúrọ̀. Kò sí èyí tó gba owó ìjọba níbẹ̀ bí kò ṣe pé kí ọ̀gá ilé-ìwé yọ̀ǹda kí aṣọ ọmọ náà yàtọ̀.

Ètò tí a kọ fún ọmọ kan ṣoṣo

Fún ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ, Down syndrome (ipò tí a bí mọ́ ọmọ, tó ń mú kó pẹ́ kó tó mọ nǹkan) tàbí ọ́tíìsìmù, ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí òfin Amẹ́ríkà ti 1975 sọ di dandan níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IEP. Àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n máa ń da ọ̀kan kọ fún ọmọ mẹ́wàá, wọ́n á yí orúkọ padà, wọ́n á tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù de àwọn alábẹ̀wò.

Gbólóhùn bíi “yóò mọ ìṣirò sí i” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Kí táàmù yìí tó parí, bí a bá kó ₦50, ₦100, ₦200 àti ₦500 síwájú rẹ̀, yóò mú èyí tí a bá dárúkọ nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, láìsí pé ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i.” Ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí yóò mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la, yóò sì mọ̀ bóyá ó ti rí bẹ́ẹ̀. Góńgó mẹ́ta sí márùn-ún tó fún táàmù kan. Òbí, olùkọ́ kíláàsì, olùkọ́ àkànṣe àti ọ̀gá ilé-ìwé ni kó jókòó kọ ọ́, kí òbí mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

Kíkọ́ni náà, ká gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ọwọ́ fífọ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà: ṣí ẹ̀rọ omi, rin ọwọ́, fi ọṣẹ sí i, fi ọwọ́ pa ọwọ́, ṣan án, nù ún. Fún ọmọ tó tètè máa ń sú, ẹ̀yìn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: olùkọ́ bá a ṣe márùn-ún, ọmọ fúnra rẹ̀ nu ọwọ́. Tó bá ti mọ ìyẹn, a bá a ṣe mẹ́rin, ó ṣan án ó sì nù ún. Lójoojúmọ́ òun ló ń parí iṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn, kì í fi ẹkún sílẹ̀. Olùkọ́ tí kò kọ́ ọgbọ́n yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ kìn-ín-ní, á bínú ní ìkẹta, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọwọ́ ọmọ náà títí ọmọ á fi di ọ̀dọ́langba.

Olùkọ́ wà, ibi tí wọ́n fi í sí ni kò dára

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé olùkọ́ kan fún ọmọ mẹ́wàá ní ẹ̀kọ́ àkànṣe. Kí èyí tó ṣeé ṣe, ẹni tó ń pín olùkọ́ ní SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ ohun tí olúkúlùkù kọ́. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ sábà máa ń kọ “NCE, ẹ̀kọ́ àkànṣe”, kò ní sọ bóyá ti adití ni tàbí ti afọ́jú tàbí ti ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ èdè ọwọ́ ṣe máa ń rí ara rẹ̀ níwájú ọmọ ọgọ́ta ní Pírámárì Kẹta, tí ẹni tó kọ́ bíréèlì á sì dúró níwájú àwọn adití. Ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi kún fọ́ọ̀mù yóò tún un ṣe. Fún ilé-ìwé tí kò ní ju ọmọ kan tàbí méjì lọ, kí olùkọ́ àkànṣe kan máa yí ilé-ìwé márùn-ún ká lọ́sẹ̀, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìsúná, torí bí kò bá sí, ìyíká náà á dúró láàárín táàmù.

Ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ló burú jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí àyè fún un nínú àtẹ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ni wọ́n kà á sí, tàbí kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ máa dáwó fún un. Iṣẹ́ náà ń rẹ ọpọlọ ju ọwọ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, méjì ni wọ́n, wọ́n á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ẹnìkan tó bá túmọ̀ láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, ìdajì ẹ̀kọ́ ọ̀sán ti ṣòfò.

Àtẹ̀gùn, owó, ìdánwò

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ ní ìṣirò tirẹ̀: fún sẹ̀ǹtímítà kan tí ilẹ̀ bá fi ga, ọ̀nà gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga ní 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 45, ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ mítà 5.4. Ohun tí bíríkìlà sábà ń ṣe ni mítà méjì, tó dúró gàgà bí òrùlé, tí ọmọ kankan kò lè dá gùn, tó sì lè yí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ dànù. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, kí ilẹ̀ rẹ̀ rí hánrún-hánrún nítorí òjò, kí etí méjèèjì ní ìdènà kékeré. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ̀kẹ́ nílò àyè mítà kan ààbọ̀ láti yí po. Ọmọbìnrin tó ti bàlágà tí kò rí ibi lọ máa ń dúró sílé.

Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì mú iye tó bá tirẹ̀ dọ́gba wá kó tó gbà á lọ́wọ́ UBEC, àjọ tó ń pín owó náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fi owó náà sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ torí wọn kò mú apá tiwọn wá. UBEC tún máa ń ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Owó náà ń ra ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò: kẹ̀kẹ́ arọ àgbàlagbà fún ọmọ ọdún méje, ẹ̀rọ tí kò bá etí mu. Kì í sábà ra bátìrì, bébà bíréèlì, owó ọkọ̀. Kí ilé-ìwé kọ ohun tó nílò ní táàmù sí táàmù, kí ìpínlẹ̀ sì ra ohun tó wà nínú ìwé náà.

Ní ti ìdánwò, JAMB ní ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ JEOG láti 2017 fún àwọn tí kò ríran. WAEC náà máa ń fún wọn ní ìbéèrè oníbíréèlì àti àfikún àkókò, bí ilé-ìwé bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ilé-ìwé tó gbàgbé ìlà yẹn ti gba àkókò náà lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun tí òbí lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ogún ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí òbí bá béèrè títí ìwé ètò ọmọ náà yóò fi jáde. Wọn kì í pa á mọ́ nígbà gbogbo, àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí òbí lè dì mú. Òfin tiwa kò dá ọjọ́ fún àyẹ̀wò. Òbí ló gbọ́dọ̀ dá a nínú lẹ́tà tirẹ̀.

Kí òbí kọ́kọ́ gba ìwé àyẹ̀wò etí tàbí ojú ní ọsibítù ìjọba. Lẹ́yìn náà kó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti SUBEB. Kó má kọ “ọmọ mi nílò ìrànlọ́wọ́”. Kó kọ ọjọ́ orí, kíláàsì, ohun tí ọmọ lè dá ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ohun méjì tàbí mẹ́ta tó ń béèrè gan-an: ìjókòó iwájú, olùkọ́ tó mọ èdè ọwọ́, ìpàdé lórí ètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Kó dárúkọ òfin 2019 náà, kó sì ní òun ń retí èsì láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí kò bá sí èsì, ẹni tó wà ní Èkó lè mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí LASODA. Ẹni tó wà níbòmíràn lè kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Àbújá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè níbẹ̀ ni ẹ̀dà lẹ́tà náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, nítorí náà méjì ni kí òbí tẹ̀, kó sì dúró títí wọn yóò fi fi òǹtẹ̀ lu ìkejì.